Ẹni Kejì Nínú Mọ́kànlá

"Kí ni páálí yìí ṣe ọ́?"

Ìyá Páálí ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Òun ni obìnrin àgbà tó máa ń di páálí gílóòbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí Dáapadà ti ń yẹ̀ wọ́n wò. Ó ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó ń wo òǹtẹ̀ pupa tí ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lù mọ́ ara páálí kan.

"Ẹ ní kí ni, mà?"

"Mo ní kí ni páálí yìí ṣe ọ́ tí o fi dá a padà? Wo iwájú ẹ."

Dáapadà wo iwájú rẹ̀. Gílóòbù mẹ́wàá ló wà lórí pátákó ìdánwò, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì ń tàn yòò sí i lójú. Kò sí èyí tó ń ṣẹ́jú, kò sí èyí tó ṣú. Páálí tó yẹ kó gba òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé ló lu pupa mọ́. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ gílóòbù yẹn, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

"Ẹ má bínú, mà. Ojú mi ló ṣú."

"Ojú ẹ ò ṣú. Ọkàn ẹ ni kò sí níbí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ẹ́. O wo fóònù, o mí kanlẹ̀. O tún wo fóònù, o tún mí kanlẹ̀. Ọkùnrin ni, àbí inú rírun?"

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Dáapadà. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fún un. Nínú àádọ́ta gílóòbù tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa mẹ́wàá yọ láìyàn, kí ó fi wọ́n sórí pátákó, kí ó tanná sí wọn. Bí ẹyọ kan bá kọ̀ tí kò tàn, ó lè mójú kúrò. Bí méjì bá kọ̀, ọ̀rọ̀ páálí náà parí: òǹtẹ̀ pupa, ó di yàrá ẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ a máa wá ṣe bí ẹni ń sunkún níwájú tábìlì rẹ̀ pé, "Màdáàmù Dá-a-padà, ẹ dákun, ẹ ṣàánú páálí wa." Yóò bá wọn rẹ́rìn-ín, yóò sì dá a padà.

Fóònù tún gbọ̀n lórí tábìlì. Dókítà eyín ni. "Ọ̀la mà ni o. Aago mẹ́rin. Mo ń retí ẹ."

Ó da fóònù náà dojú bolẹ̀. Oṣù méje ni dókítà eyín náà ti ń bá a bọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìsí ariwo. Wọ́n ti wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan nílùú tó jìnnà. Ọjọ́ Àìkú ni yóò lọ, ó sì fẹ́ mọ̀, kí ó tó wọ ọkọ̀, bóyá Dáapadà yóò fẹ́ òun tàbí kò ní fẹ́ òun. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò béèrè ju ìyẹn lọ. Wákàtí tó kù kò tó ọgbọ̀n mọ́.

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi ọ̀sán, àwọn méjèèjì jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Dáapadà ní, "Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹnu wo ni n ó fi rẹ́rìn-ín? Búrẹ́dì ló kún un."

Ó wá sọ ọ́. Nígbà tó wà ní fásitì, ó kù díẹ̀ kí ó jáde, ọkùnrin kan fi í sílẹ̀ lójijì, bí ẹni ń bọ́ bàtà. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ ìṣirò wọn, ọkùnrin tínínrín kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ kì í dúró síbì kan, kọ òfin kan sójú pátákó. Ó ní ká sọ pé nǹkan mọ́kànlá ń bọ̀ níwájú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré ló lè mú, èyí tó bá sì ti jẹ́ kó kọjá kò ní padà wá mọ́. Báwo ni yóò ṣe mú èyí tó dára jù? Olùkọ́ náà ní kí ó jẹ́ kí mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ, bó ti wù kí wọ́n dára tó. Kí ó kàn fi wọ́n mọ bí ọjà ṣe rí. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí àkọ́kọ́ tó bá dára ju gbogbo mẹ́rin yẹn lọ, kí ó gbá a mú, kí ó má wo ẹ̀yìn. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò sí ọgbọ́n mìíràn tó jù ú lọ.

"Ó wá ní ẹnìkan tilẹ̀ ṣe ohun tó jọ ọ́ ní bí irinwó ọdún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin náà sílẹ̀. Kepler lorúkọ ẹ̀. Òun ló rí i pé ọ̀nà tí ayé àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù ń tọ̀ yí oòrùn ká kì í ṣe róbótó, pé ó gùn díẹ̀ bí ẹyin. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ kú, obìnrin mọ́kànlá ló yẹ̀ wò. Ẹ̀karùn-ún ló sì fẹ́."

"Ẹ̀karùn-ún. Lẹ́yìn tí mẹ́rin lọ."

"Ẹ ti rí i!" Ojú Dáapadà tàn. "Mo wá ní n kò ní fi ọkàn mi tanra mi jẹ mọ́. Mo ṣírò pé bí mo bá rí ọkùnrin gidi kan lọ́dún, wọ́n á tó mọ́kànlá kí n tó pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mẹ́rin á lọ. Èyí tó fi mí sílẹ̀ lẹ́ni kìíní. Ẹnì kẹta ń ka ìròyìn lórí rédíò, bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣe ló dà bíi pé ó ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Ẹnì kẹrin kò lè ra ìbọ̀sẹ̀ láìpe ìyá ẹ̀. Dókítà eyín ni ẹnì karùn-ún. Kò ní àléébù, mà. Ó ju gbogbo wọn lọ. Òfin ní kí n mú un."

Ìyá Páálí gbé búrẹ́dì mì. "O sọ ti ẹni kìíní, o fò lọ sí ẹnì kẹta. Ṣé ìṣirò tiyín kò ní èjì ni?"

Dáapadà wo ilẹ̀. Ó ń fi orí bàtà yí òkúta kékeré kan kiri.

"Hẹn-ẹn," ni obìnrin àgbà náà wí. "Dìde. Tẹ̀lé mi."

Ó mú un wọ yàrá ẹ̀yìn. Ọdún mẹ́fà tí Dáapadà ti ń fi páálí ránṣẹ́ síbẹ̀, kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Obìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ń tú páálí tó ní òǹtẹ̀ pupa, òǹtẹ̀ tirẹ̀, wọ́n ń to àádọ́ta gílóòbù inú rẹ̀ sórí pátákó gígùn kan. Ọ̀kan nínú wọn tanná. Ó mọ́ kedere nínú yàrá náà. Márùn-ún péré ni kò tàn. Márùndínláàádọ́ta ló ń dán gbinrin.

"Kí lẹ ń fi àwọn tó tàn ṣe?" Dáapadà ló bèèrè.

"A ń tún un dì, ó ń lọ sọ́jà," ni obìnrin náà wí. "O rò pé à ń dà á nù ni? Ó mà ṣe o, Màdáàmù Dá-a-padà! Ọdún mẹ́fà, o ò bi wá léèrè rí?"

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí òun àti Ìyá Páálí fi jáde. Lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Páálí dì í lápá mú.

"Ẹni kejì yẹn, ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú, mà."

"Ó ti gbéyàwó?"

"N kò mọ̀."

"Ta ló wá sọ fún ẹ pé kò ṣeé padà bá?"

"Òfin yẹn ni, mà. Ó ní èyí tó bá ti kọjá ti kọjá."

"Òfin yẹn bi ọkùnrin náà léèrè?"

Dáapadà rọra fa apá rẹ̀ yọ. Aago ìsinmi dún, kálukú sì padà sídìí iṣẹ́.

*

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ aṣọ. Ibẹ̀ ni ó ti ń fún àwọn ọkùnrin ní máàkì. Nǹkan márùn-ún ló ń wò lára wọn, ogún ogún máàkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwà, iṣẹ́, sùúrù, ẹ̀rín, àti bí ara òun ṣe ń rí bí òun bá gbọ́ ohùn ẹni náà lójijì. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa ìwé yẹn, àní ìyá rẹ̀ pàápàá.

Dókítà eyín gba méjìdínlọ́gọ́rin. Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Ẹni kejì: mọ́kànléláàádọ́rin. Ó dára. Méjìdínlọ́gọ́rin ju mọ́kànléláàádọ́rin lọ. Kí ló wá ń bà á lẹ́rù?

Ohun tó ń bà á lẹ́rù wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn. Yíǹkì dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi yíǹkì búlúù pa rẹ́, ó sì mọ ọwọ́ tó pa á rẹ́. Ó gbé ìwé náà sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọ̀ọ̀.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ìlú ni ẹni kejì náà. Ìwé ìṣirò ló wá yá lọ́dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ Kepler délẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wọ àárín àwọn pẹpẹ ìwé, ó gbé ìwé ńlá kan tó sọ nípa ìgbésí ayé àwọn onímọ̀ àtijọ́ bọ̀. "Ìdajì ìtàn ni olùkọ́ yín sọ fún ẹ," ó ní. "Ọkùnrin yìí kò dúró lórí ẹ̀karùn-ún. Ó ti rí i, kò mú un, ó ń wò kiri. Ó wo mọ́kọ̀ọ̀kànlá tán kó tó padà sẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin ló tilẹ̀ kọ́kọ́ padà bá, ìyẹn ní ó ti sú òun láti máa dúró. Ìgbà náà ló wá padà bá ẹ̀karùn-ún. Ẹ̀rù ló ń bà á, arábìnrin. Kò sí òfin kankan níbẹ̀." Bó ṣe pè é ní arábìnrin lọ́jọ́ náà, bí ẹni gbé wúrà lọ́wọ́, kò kúrò létí rẹ̀ títí dòní.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jọ ń rìn. Nígbà tó fún un ní máàkì, tó rí iye tó jẹ́, àyà rẹ̀ já. Ẹni kejì nìyẹn, dandan ni kó kọjá lọ! Ó mú bírò búlúù, ó dín in kù kí ó má bàa dun òun jù. Lọ́jọ́ kejì ó lọ kọ̀ ọ́. Òjò ń rọ̀, wọ́n dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, agbòjò wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Kí ni mo ṣe?" ó bèèrè. "O ò ṣe nǹkan kan." "Ṣé ẹlòmíì ni?" "Kò sí ẹnìkankan." Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. Ó sì di agbòjò náà mú sí i lórí títí bọ́ọ̀sì fi dé, apá tirẹ̀ rin gbindin. Ọdún méjì sẹ́yìn nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ wọn a máa lé ẹni tó bá yí máàkì páálí padà. Kò yí ti gílóòbù kan padà rí láyé rẹ̀.

"Ṣílẹ̀kùn!" Àǹtí Kékeré nìyẹn, àbúrò ìyá rẹ̀, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. "Ìyàwó dókítà, ṣílẹ̀kùn o! Eyín wa ti di ọ̀fẹ́!"

Ó ṣílẹ̀kùn. Àǹtí Kékeré àti ìyá rẹ̀ wọlé, wọ́n rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu àwọn méjèèjì. Kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ó gbé ìwé náà fún ìyá rẹ̀, ó sì ro ọ̀rọ̀ ẹni kejì fún wọn.

Ìyá rẹ̀ ka ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn. "Èwo ni 'sùúrù, mẹ́jọ nínú ogún' yìí? Ṣé èèyàn lo kọ báyìí?"

"Màmá, ẹ dákun."

"Ẹ̀rín náà ní máàkì?" Àǹtí Kékeré ti gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bàbá rẹ ìbá ti gba òdo. Ọkùnrin yẹn kò rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi bí ẹ."

"Ìwọ, gbẹ́nu ẹ dákẹ́," ni ìyá wí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"N kò mọ̀, mà. Bí mo bá tẹ̀lé òfin bó ṣe wà lóòótọ́, dókítà kò ju ẹni kejì lọ. Kò yẹ kí n mú un. Òfin ní kí n máa dúró de ẹnì kẹfà. Bí mo bá sì máa tẹ̀lé ọkàn mi, mo ti lé ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Òfin náà pàápàá, Màmá, bí èèyàn ṣe é pé pérépéré, bí ìgbà mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni yóò bọ́ sí i. Ìgbà mẹ́fà tó kù, yóò pàdánù ẹni tó dára jù ni. Mo ti mọ̀ ọ́n láti fásitì. Mo kàn ń ṣe bíi pé n kò mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ yìí kò le," ni Àǹtí Kékeré wí. "Aago mẹ́rin ọ̀la ni dókítà ń retí ẹ. Ilé ìkàwé á ti ṣí láàárọ̀. Yọ́ lọ síbẹ̀, wo ojú onílé ìkàwé. Bó bá ṣì fẹ́ ẹ, ó tán. Bó bá ti ní tiẹ̀, o padà wá dá dókítà lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ta ló máa mọ̀?"

Ìyá gba ìwé náà padà, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn Àǹtí Kékeré mọ́gbọ́n dání, ẹ̀rù sì ń ba Dáapadà gan-an. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí ó bá jí lọ́jọ́ Àìkú tí kò sí dókítà, tí kò sí onílé ìkàwé, kí ni yóò sọ fún ara rẹ̀? Ó gbìyànjú láti rí i bí yóò ṣe yọ́ wọ ilé ìkàwé pẹ̀lú dókítà nínú àpò rẹ̀ bí ẹni mú owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ dání. Ojú tì í.

"Mo gbọ́, Àǹtí," ó ní. "Ẹ ṣeun."

"Gbígbọ́ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn," ni Àǹtí Kékeré fèsì.

*

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó kan ilẹ̀kùn yàrá ìtọ́jú eyín. Dókítà ń kó ẹrù, ó fi bébà di àwọn ìgò kéékèèké, ó sì ká apá ẹ̀wù sókè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ìgò kan fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"O dé kí aago mẹ́rin tó lù! Ayọ̀ ni, àbí kí n di nǹkan mú?"

"Ẹ jókòó, sà."

"Èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn níbí." Ṣùgbọ́n ó jókòó, orí àga àwọn aláìsàn ló sì jókòó sí.

Dáapadà sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ òfin, ó sọ ìwé kékeré, ó sọ nọ́ńbà tó pa rẹ́. Ó ń sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ wúwo bíi pé wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ eyín. Dókítà fẹ̀yìn ti àga. Nígbà tí Dáapadà parí, ó ń wo àtùpà tó wà lókè àga.

"Ọkùnrin yìí, ó ti padà wá bá ẹ?"

"Rárá, sà."

"O ti bá a sọ̀rọ̀?"

"Rárá."

"Ó tilẹ̀ mọ̀ pé ò ń bọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ìyẹn ni pé o ń kọ̀ mí, kò sì sí ẹnìkan tó ń dúró dè ẹ́ níbì kankan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Aago mẹ́rin ṣì jìnnà. Kí ló dé tí o ò kọ́kọ́ lọ wò ó?"

"Bí mo bá kọ́kọ́ lọ, mo tún ti to ẹ̀yin méjèèjì sórí pátákó nìyẹn. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Kò yẹ kí n fi yín pamọ́ de ìgbà tí ẹlòmíì bá kọ̀ mí."

Dókítà tan àtùpà náà, ó tún pa á. Ẹnìkan ń gbá ilẹ̀ lóde, ìró ìgbálẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Mo fẹ́ bínú," ó sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bó ṣe máa ń rí. "Ó yẹ kí n bínú. Máa lọ. N kò fẹ́ kí o wà níbí bí ìbínú náà bá dé."

Dáapadà yíjú padà. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí dókítà tún pè é.

"Mélòó ni mo gba?"

"Sà?"

"Máàkì. Mélòó?"

"Méjìdínlọ́gọ́rin."

"Kò burú," ni dókítà wí. Ó yíjú sí ẹrù rẹ̀, ó sì ń fi bébà di ìgò tó ti dì tẹ́lẹ̀.

*

Aago kan ni ilé ìkàwé máa ń tì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó dé ibẹ̀ nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ọ̀nà ló ń bá ara rẹ̀ sọ pé ọkùnrin náà kò ní sí níbẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn, ó ti gbéyàwó, ó ti bí ìbejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró síbẹ̀síbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀. Ìwé kún apá rẹ̀ dé àgbọ̀n. Ó ti gé irun rẹ̀ kúrú, ó ti rù díẹ̀. Ó rí i, ó dúró bí ẹni pé ilẹ̀ mì, ó sì tún gbára dì.

"Ẹ káàsán, mà. Ìwé wo lẹ ń wá?"

Mà! Ẹ! Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí òun.

"Ìwọ ni mo ń wá."

"À ń múra àtitìlẹ̀kùn, mà."

"N kò ní pẹ́." Ó di etí tábìlì mú. "O bi mí lọ́jọ́ yẹn pé kí lo ṣe. O ò ṣe nǹkan kan. Òfin ìṣirò yẹn ni mò ń tẹ̀lé. Ìwọ lẹni kejì, òfin sì ní kí mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ. Mo fún ẹ ní máàkì, ó pọ̀, ẹ̀rù bà mí, mo sì dín in kù lórí ìwé kí n lè kọ̀ ọ́. Irọ́ ni mo pa, ara mi ni mo pa á fún, ìwọ ló sì dùn jù. Nítorí náà ni mo ṣe wá."

Ìwé òkè pátápátá yọ̀ lápá ọkùnrin náà, ó já bọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó.

"Ọdún méjì," ó ní. Mà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọdún méjì ni mo fi ń wá ohun tí mo ṣe. Mo rò pé bàtà mi ni. Mo tilẹ̀ ra òmíràn." Ẹ̀rín kan fẹ́ yọ lójú rẹ̀, kò yọ tán. "Mélòó lo fún mi kó tó di pé o dín in?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún."

"Mẹ́rìnlá tó kù ńkọ́?"

"O máa ń pẹ́ dé. Bó o bá sì ti ń sọ̀rọ̀ ìwé, o kì í mọ̀gbà tó yẹ kó o dákẹ́."

"Ìyẹn náà ni àbúrò mi máa ń sọ." Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo fèrèsé. "Ẹlòmíì ńkọ́?"

"Ẹnìkan wà. Mo ti lọ sọ fún un láàárọ̀ yìí pé rárá, kí n tó wá síbí."

"Kí o tó wá?" Ó yíjú padà kíá. "Bí mo bá wá ní èmi náà ò ṣe mọ́ ńkọ́?"

"Màá lọ sílé. Àǹtí mi á bú mi títí dọdún tó ń bọ̀."

Ó tún ìwé apá rẹ̀ gbé dáadáa. Aago ara ògiri ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Dáapadà ṣì di etí tábìlì mú.

"N kò lè dá ẹ lóhùn lónìí," ọkùnrin náà sọ. "Kì í ṣe pé mò ń gbẹ̀san. Mo ti kó ọ̀rọ̀ ẹ pamọ́, mo ti tì í pa, n kò mọ ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ó lè pẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé rárá náà ni n ó sọ níkẹyìn."

"Mo gbọ́."

"O máa dúró?"

"Màá dúró."

"Títí dìgbà wo?"

Ó la ẹnu, ó ń retí kí nọ́ńbà kan jáde, bó ṣe máa ń jáde nígbà gbogbo: oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ogójì ọjọ́. Kò sí èyí tó wá. Ó wá a nínú ara rẹ̀, kò rí i.

"N kò ní kà á," ó ní.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mú ìwé tó já bọ́. Ó pín ìwé tó wà lápá rẹ̀ sí méjì, ó sì na ìdajì sí i.

"Bá mi gbé àwọn yìí dé pẹpẹ ọ̀hún ná."